Ìbí Kò Ju Ìbí: Ẹ̀kọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn fún Àwọn Ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Girama

 Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kan gbogbo ilé tí ó ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ọ̀rọ̀ náà ń kọ ọ̀pọ̀ àgbà lóminú. Baba rán ọmọ níṣẹ́, ọmọ dáhùn pé òun ní ẹ̀tọ́ láti sinmi. Ìyá bá ọmọ wí, ọmọ ní wọ́n ti kọ́ àwọn ní ilé ẹ̀kọ́ pé ènìyàn ni òun náà. Níbẹ̀ ni àwọn òbí ti ń bi ara wọn léèrè pé: ṣé ẹ̀kọ́ tí a fi owó oko àti owó ọjà rán ọmọ lọ kọ́ nìyí? Ṣé ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀tọ́ kò ní sọ ọmọ di aláfojúdi?

Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àwọn tí ń bèèrè rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọmọ tí ó mọ ẹ̀tọ́ tirẹ̀ nìkan kò tí ì kọ́ ẹ̀kọ́ náà dé ìdajì. Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni ohun tí ó tọ́ sí ènìyàn nítorí pé ó jẹ́ ènìyàn. Bí ó bá tọ́ sí ọ̀kan, ó tọ́ sí ẹnìkejì rẹ̀. Ọmọ tí ó ní òun ní ẹ̀tọ́ láti sinmi, ẹ bi í pé ta ni ó ń pọn omi tí òun fi ń wẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò tilẹ̀ rí ilé ẹ̀kọ́ lọ ni, ọmọ náà àti àwọn òbí rẹ̀ ní láti jọ jókòó kọ́ ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé láti ọdún 2004 ni òfin orílẹ̀-èdè ti là á kalẹ̀ pé gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ó sì parí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama.

Àwọn baba ńlá ilẹ̀ yìí mọ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kí ìwé tó dé. Àwọn ni wọ́n wí pé ìbí kò ju ìbí, bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Àwọn náà ni wọ́n wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948, àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé péjọ sí ìlú Paris, wọ́n sì fi ẹnu kò lórí ìkéde kan tí ó ní ọ̀rọ̀ 30 nínú. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni pé òmìnira ni a bí gbogbo ènìyàn sí, àti pé ọgbọọgba ni iyì wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ òwe tí ó sì gbọ́ ìkéde náà yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹnu méjì sọ.

Nàìjíríà náà kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú òfin tirẹ̀. Ó wà nínú ìwé òfin tí a fi gba òmìnira ní 1960. Nínú ìwé òfin ọdún 1999, Orí Kẹrin ni ó wà, láti abala 33 títí dé abala 46. Abala 34 kọ̀ pé kí a dá ènìyàn lóró tàbí kí a mú un lẹ́rú. Abala 36 ní kí a gbọ́ tẹnu ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn, kí a sì kà á sí aláìjẹ̀bi títí ẹ̀bi rẹ̀ yóò fi hàn. Abala 42 kọ̀ pé kí a fi ẹ̀yà, ìlú abínibí, ẹ̀sìn, tàbí jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin du ẹnikẹ́ni ní ohun tí ó tọ́ sí i, ó sì kọ̀ pé kí a fi irú ìbí tí a bí ènìyàn yà á sọ́tọ̀. Ìbí kò ju ìbí náà ni.

Ṣùgbọ́n kíkọ́ òfin sórí bí ẹni kọ́ orúkọ odò kò tó. Ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ìyà tí ó mú kí àwọn ènìyàn wá òfin náà, àti bí wọ́n ṣe rí i gbà. Ìtàn sì wà nílé tí a lè fi bẹ̀rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ará Ìlọrin ní Òṣogbo. Láti ìgbà náà ni agbára Ìbàdàn ti gbilẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ajẹ́lẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ìlú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ajẹ́lẹ̀ ni ojú Ìbàdàn nínú ìlú, òun ni ó sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn kò mọ níwọ̀n. Wọ́n ń kó ẹran ọ̀sìn àti ohun oko onílùú, wọ́n sì ń yájú sí ìyàwó oníyàwó, kò sì sí kóòtù tí ẹni tí a jẹ níyà lè gbà lọ. Ní ọdún 1878 ni Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tí ó wà ní ìlú rẹ̀. Àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀, Ọ̀gẹ́dẹ́ńgbé ará Iléṣà sì di olórí ogun wọn. Ogun Kírìjì nìyí, tí a sọ lórúkọ nítorí ìró ìbọn rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 ni a fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó fi òmìnira àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà múlẹ̀, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá.

Olùkọ́ tí ó bá fi ìtàn yìí kọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ tán, kí ó má ṣe sọ apá tí ó dùn mọ́ ìlú tirẹ̀ nìkan. Abẹ́ Ìbàdàn ni Òṣogbo wà nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn sì sọ pé láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Làróòyè ti wá tẹ Òṣogbo dó. Ọmọ ìyá ni àwọn tí ogun náà fi sí apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí olùkọ́ sọ pẹ̀lú pé tọ̀tún tòsì ni àwọn jagunjagun ti ń kó ènìyàn lẹ́rú. Àwọn tí ń jà nítorí òmìnira tiwọn náà ń di ẹlòmíràn ní okùn. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí a ti tà rí, tí wọ́n gba òmìnira tí wọ́n sì padà láti Sàró àti Bùràsíìlì sí Èkó, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n fi owó àti ohun ìjà ran àwọn ará ilé lọ́wọ́. Frederick Haastrup, ẹni tí a ti mú lẹ́rú ní kékeré, padà wálé, ó sì gorí ìtẹ́ Ọwá ní 1896. Ọmọ tí ó bá gbọ́ èyí kò ní fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ogun gba òmìnira, ṣùgbọ́n ó jẹ ọ̀pọ̀ ẹ̀mí. Nítorí náà ó yẹ kí olùkọ́ tẹ̀ síwájú lọ sí ìjà tí a kò fi ìbọn jà. Ti àwọn obìnrin Abẹ́òkúta wà nítòsí. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama Abẹ́òkúta ní 1914, ó sì di olùkọ́. Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé. Bí wọ́n ti ń kọ́ ìwé ni wọ́n ń sọ ohun tí ń dùn wọ́n: a ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tí ń pàṣẹ owó náà. Wọ́n dá Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta sílẹ̀, wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n gba agbẹjọ́rò, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ààfin lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní 1947. Ní ìgbẹ̀yìn, a dáwọ́ owó orí àwọn obìnrin dúró, àwọn obìnrin sì ráyè wọ ìgbìmọ̀ ìlú.

Àwọn ará Òṣogbo ní ìpín nínú ìtàn yìí. Òṣogbo ni Aláké, Ọba Adémọ́lá Kejì, fi ṣe ibùgbé nígbà tí ó fi Abẹ́òkúta sílẹ̀ ní 1948, kò sì padà sórí ìtẹ́ títí di 1950. Ẹ kíyè sí i pé ó padà. A mú ohun tí kò tọ́ kúrò, a kò pa adé rẹ́. Èyí ni ó yẹ kí a kà sétí àwọn tí ń rò pé ẹni tí ó bá bèèrè ẹ̀tọ́ ń fẹ́ dojú àgbà bolẹ̀.

Ọmọ yóò bèèrè bóyá ọ̀dọ́ bí tòun ti ṣe ohun kan rí nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti ṣe é. Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 kò ní parẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún kan náà, ọmọbìnrin adúláwọ̀ kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ ọdún 15, Claudette Colvin, wọ bọ́ọ̀sì láti ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìlú Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Òfin ibẹ̀ nígbà náà ni pé kí òyìnbó jókòó níwájú, kí adúláwọ̀ jókòó lẹ́yìn. Bí àyè òyìnbó bá kún, àṣà ni pé kí adúláwọ̀ dìde fún un. Awakọ̀ ní kí ọmọ náà dìde. Ó kọ̀. Ó ní òun ti san owó ọkọ̀ òun, ẹ̀tọ́ òun sì ni láti jókòó. Àwọn ọlọ́pàá fà á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé.

Níbo ni ọmọ ọdún 15 ti rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ? Nínú kíláàsì ni. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ọjọ́ náà, àwọn olùkọ́ rẹ̀ ti kọ́ wọn ní ìtàn àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n jà fún òmìnira, wọ́n sì ti kọ́ wọn ní ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn. Ó wí lẹ́yìn náà pé ó dà bí ẹni pé Harriet Tubman àti Sojourner Truth, àwọn obìnrin méjì tí ó jáde kúrò lóko ẹrú tí wọ́n sì gba ẹlòmíràn là tàbí jà fún wọn, gbé ọwọ́ lé òun léjìká kí òun má lè dìde. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìtàn ti rí nígbà tí ó bá wọ ọmọ lára.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, a mú Rosa Parks nítorí ọ̀ràn kan náà. Àwọn adúláwọ̀ Montgomery pinnu pé àwọn kò ní wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Odindi ọjọ́ 381 ni wọ́n fi ń fi ẹsẹ̀ rìn tàbí kí wọ́n gbé ara wọn sínú ọkọ̀ ara wọn, lábẹ́ àkóso oníwàásù ọ̀dọ́ kan, Martin Luther King. A ju bọ́ǹbù sí ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbẹ̀san. Claudette Colvin sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mẹ́rin tí a fi orúkọ wọn pe ẹjọ́ náà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1956, kóòtù tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí i pé ìyàsọ́tọ̀ nínú bọ́ọ̀sì lòdì sí òfin. King kan náà wá sí Èkó ní oṣù Kọkànlá ọdún 1960 nígbà tí a ń fi Nnamdi Azikiwe jẹ Gómìnà Àgbà. Ní ti Claudette Colvin, ó di ọdún 2021 kí kóòtù tó pa àkọsílẹ̀ ẹ̀sùn ìgbà èwe rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀tọ́ a máa pẹ́ kí ó tó dé. Ó yẹ kí ọmọ mọ èyí pẹ̀lú, kí ó má ba à rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ni.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Ìjọba nìkan kọ́ ni ó ń fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́. Nígbà mìíràn a máa jẹ́ ojúṣe kóòtù láti rán ìjọba létí. Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́, ọmọ bíbí Iléṣà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ kóòtù tí ó ga jùlọ ní Nàìjíríà láti 1978 títí di 1990. Ní 1986, lábẹ́ ìjọba ológun, ẹjọ́ kan dé iwájú òun àti àwọn adájọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀: ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fi agbára lé Ojukwu kúrò nínú ilé nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà ní kóòtù. Kóòtù náà kò yẹ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní ìjọba tí kò tẹríba fún àṣẹ kóòtù kò lè wá ojúrere kóòtù. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Iléṣà tí kò gbọ́ orúkọ ọkùnrin yìí rí, a ti fi ohun ìní rẹ̀ dù ú.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí ẹ̀tọ́ fi ń ko ẹ̀tọ́ lójú. Ní 2013, àwọn Mùsùlùmí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ẹjọ́ lọ sí Kóòtù Gíga ní Òṣogbo pé kí a gba àwọn ọmọbìnrin wọn láyè láti lo ìbòrí híjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2016, Adájọ́ Jídé Fálọlá dá wọn láre lórí abala 38, tí ó dá ààbò bo òmìnira ẹ̀sìn. Àwọn Kristẹni tí ìjọ wọn ni ó dá àwọn kan nínú ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní ìgbà láéláé kò fara mọ́ ọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìwó sì wọ aṣọ ìjọ lọ sí kíláàsì. Olùkọ́ tí ó gbọ́n kò ní sá fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Kí ó pín kíláàsì sí ọ̀nà méjì. Kí ọmọ Mùsùlùmí gba ẹnu Kristẹni sọ̀rọ̀, kí ọmọ Kristẹni sì gba ẹnu Mùsùlùmí sọ̀rọ̀, kí wọ́n ṣe é tọkàntọkàn. Ẹni tí ó bá ti ro ẹjọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní tètè sọ òkúta lù ú.

Ọ̀nà tí ó sún mọ́ ọmọ jùlọ ni ìwà olùkọ́ fúnra rẹ̀. Bí owó bá sọnù nínú kíláàsì, tí olùkọ́ na gbogbo wọn láti orí dé orí, ó ti pa abala 36 rẹ́ kúrò ní pátákó, bí ó tilẹ̀ ti fi ẹfun kọ ọ́ dáradára. Ṣùgbọ́n bí ó bá pe ẹni tí a fura sí, tí ó gbọ́ tirẹ̀, tí ó sì pe ẹlẹ́rìí, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà kò ní kúrò lọ́kàn wọn. Kí a mú àwọn ọmọ lọ jókòó ní kóòtù láti wò ó. Kí a sì kọ́ wọn ní ohun tí ó lè gba ẹ̀mí là: ẹni tí a bá mú ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi rí agbẹjọ́rò rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn tí ó bá yàn, kí a kọ ìdí tí a fi mú un fún un láàrin wákàtí 24 ní èdè tí ó gbọ́, kí a sì mú un dé kóòtù láàrin ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà ní ìwọ̀n kìlómítà 40, tàbí ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí kóòtù bá rí i pé ó tọ́, bí kò bá sí nítòsí. Lórí ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú nìkan ni ti iye ọjọ́ yìí yàtọ̀ sí. Ọmọ tí ó mọ èyí kò ní bá ọlọ́pàá jà, kò sì ní sá; yóò fi ohùn pẹ̀lẹ́ bèèrè ohun tí òfin fún un.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin àgbà, ìbéèrè yín ti rí ìdáhùn. Ìwé òfin tí ó fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ fi ààlà sí i: abala 45 ní òmìnira ẹnìkan lè dín kù láti dá ààbò bo ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, abala 24 sì ka ojúṣe ọmọ onílùú sílẹ̀, pé kí ó bọ̀wọ̀ fún iyì ẹlòmíràn, kí ó sì san owó orí rẹ̀. Ọmọ aláfojúdi ni ẹni tí ó kà ojú ewé kan tí ó sì pa ìwé dé. Ẹ má ṣe gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní kí ó ṣí i dé ìparí.

Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà kò dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó dá ilé ẹ̀kọ́ girama Iléṣà sílẹ̀ ní 1934. Irú ìtara kan náà ni ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́. Kí àgbà tí ó bá mọ ìtàn ìlú rẹ̀ lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà nítòsí rẹ̀, kí ó ní òun ṣe tán láti bá àwọn ọmọ sọ ọ́. Kí agbẹjọ́rò tí ó bá wá sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ yọ̀ǹda wákàtí kan. Ní alẹ́ òní, bí ọmọ bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé tí ó ní òun ní ẹ̀tọ́, kí baba rẹ̀ fún un ní ìjókòó, kí ó wí pé, “Ó dára, ọmọ mi. Sọ ẹ̀tọ́ tìrẹ fún mi, kí o sì sọ ti ọmọ tí ń pọn omi pẹ̀lú.” Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́.